Wẹ́búsáìtì tí ẹ kọ́ fún ilé ìwé: kí ló ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹlòmíràn ṣí i?

Ọmọ Olúyọ̀lé

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. ND2 (ọdún kejì dípúlómà) ni mo wà, kọ̀ǹpútà sáyẹ́ǹsì ni mo ń kà. Wọ́n ní kí kálukú wa lọ kọ́ wẹ́búsáìtì ara rẹ̀ fún prọ́jẹ́ẹ̀tì: ojú-ìwé ìbẹ̀rẹ̀, ojú-ìwé tí a ó ti sọ̀rọ̀ nípa ara wa, èyí tí a ó kó iṣẹ́ ọwọ́ wa sí, àti èyí tí ènìyàn lè gbà kàn sí wa. Wọn ò fẹ́ WordPress tó ń bá ènìyàn to wẹ́búsáìtì, wọn ò sì fẹ́ èyí tí a rà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. HTML tó ń to ojú-ìwé àti CSS tó ń fún un ní àwọ̀ àti ìrísí, pọ́nńbélé ni, kí ẹni tí agbára rẹ̀ bá gbé e fi JavaScript díẹ̀ sí i, èyí tó ń mú nǹkan ṣiṣẹ́ lórí ojú-ìwé.

Mo fẹ́ kí ẹ sọ ti yín, nítorí tèmi kàmàmà. Ṣ wà nínú orúkọ bàbá mi, mo sì kọ ọ́ gàdàgbà sí òkè ojú-ìwé náà, àmì orí pé, àmì ìdí pé. Lórí láàpútọ̀ọ̀pù mi, ó dùn ún wò. Mo gbé fáìlì náà lọ sí yàrá ọ̀rẹ́ mi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ó ṣí i, ibi tí ṣ wà ti di á¹£. Àmì owó àwọn ará London ló jókòó sí àárín orúkọ bàbá mi yẹn! Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Pọ́n-ùn ni wọ́n ń pè mí báyìí.

Ìlà kan tó ń sọ fún bùráúsà bí a ṣe tọ́jú lẹ́tà sínú fáìlì ló ń bẹ nídìí ọ̀rọ̀ náà: `<meta charset="utf-8">`. Bí ìlà yẹn kò bá sí nínú fáìlì, bùráúsà kọ̀ọ̀kan á máa méfò ni. Tèmi méfò, ó gbà á. Ti ọ̀rẹ́ mi méfò, kò gbà á. UTF-8 ni ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, báìtì sì ni ẹyọ kékeré tó fi ń tọ́jú wọn. Báìtì 3 ni ṣ kan ń gbà nínú UTF-8. Bùráúsà tí kò bá mọ̀ pé UTF-8 ni á ka báìtì kọ̀ọ̀kan sí lẹ́tà ọ̀tọ̀: á nìyẹn, ¹ nìyẹn, £ nìyẹn. Ẹni tó ń jẹ́ John ò lè mọ ìyà yìí láyé, báìtì 1 péré ni lẹ́tà tirẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbà. Mo fi ìlà náà sí abẹ́ `<head>` gan-an, kí ohunkóhun tó tẹ̀lé e, orúkọ bàbá mi sì padà bọ̀ sípò.

Dífẹ́ǹsì wa, ọjọ́ tí a ó gbèjà iṣẹ́ wa níwájú àwọn olùkọ́, kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí, kí lojú yín rí nígbà tí wẹ́búsáìtì yín kúrò lọ́dọ̀ yín?

Aláàdìrẹ Òṣogbo

Pọ́n-ùn, o kú ìjàkadì o 😂

Èmi ò ní láàpútọ̀ọ̀pù. Fóònù Android ni mo fi kọ gbogbo tèmi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, áàpù kan tó ń jẹ́ Acode ni mo ń kọ kóòdù sí. Ìka ni ìyà ibẹ̀ wà fún. Kí o tó tẹ `<` kan, o ti yí kíbọ́ọ̀dù sí ti nọ́ńbà, o tún yí i sí ti àmì, kí o tó padà sí lẹ́tà. Kíbọ́ọ̀dù tún wá ń ṣe bí ẹni mọ̀wé jù mí lọ: mo kọ `href`, ó ní "here" ni mo fẹ́ kọ. Àfìgbà tí mo wọ sẹ́tíǹsì lọ pa àtúnkọ rẹ̀ kí n tó nísinmi.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni ìyá mi ń ṣe, èmi náà sì ń bá wọn fi ìyẹ́ yàwòrán sí aṣọ, nítorí náà àdìrẹ ni mo kó sí ojú-ìwé iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ìbàdàndùn tí wọ́n ya òpó Mápó sí wà níbẹ̀, Olókun wà níbẹ̀, mo sì kọ bí a ṣe ń po ẹ̀kọ tí a fi ń yà á sí abẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò wọ̀nyẹn ni wàhálà. Bí fóònù ṣe yà wọ́n ni mo ṣe gbé wọn síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ju MB 4 lọ. Lórí fóònù mi, wàràwàrà ni wọ́n ń jáde, àbí inú fóònù náà kọ́ ni wọ́n wà? Ó wá di ọjọ́ tí sà tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ṣí i pẹ̀lú dátà tiwọn. Àkọlé jáde, ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ jáde, àárín funfun báláú. A dúró, a dúró. Wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní, "Ṣé inú aró ni àdìrẹ yìí ṣì wà ni?"

Mo dín gbogbo fọ́tò náà kù, ìbú wọn ò ju píksẹ́lì 1200 lọ mọ́, ìwúwo ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó KB 200. Ojú lásán ò lè mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ lórí fóònù.

Mo gbé e sórí GitHub Pages lẹ́yìn náà, ibi tí ènìyàn lè gbé wẹ́búsáìtì sí kí aráyé lè rí i, nítorí ọ̀fẹ́ ni. Ìdajì fọ́tò kọ̀, kò jáde. Mo tún un gbé, kò jáde. "Adire1.JPG" ni fáìlì ń jẹ́, "adire1.jpg" ni mo kọ sínú kóòdù. Fóònù mi ò bìkítà, ọ̀kan náà ni lójú rẹ̀. Windows náà ò bìkítà. GitHub ní tirẹ̀ ka A ńlá sí ọ̀tọ̀, ó ka a kékeré sí ọ̀tọ̀. Láti ìgbà náà, lẹ́tà kékeré nìkan ni mo fi ń sọ fáìlì lórúkọ, mi ò sì ń fi àlàfo sí i.

Tíṣà Kọ̀ǹpútà

Ẹ kú ìrójú, ẹ̀yin ọmọ mi. Apá kejì tábìlì ni èmi máa ń jókòó sí ní tèmi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú wa ń rí níbẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ti fọ́tò tí kì í rìnrìn àjò. Ọmọ á wá, aṣọ á funfun, táì á le, á kó fódà rẹ̀ sínú fílásì, á ní, "Sà, ẹ wo fọ́tò mi lójú-ìwé àkọ́kọ́." Àpótí kékeré tó ya ni mo máa ń rí. Mo tẹ Ctrl àti U kí n lè rí kóòdù rẹ̀, mo bá `src="C:\Users\Desktop..."` níbẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà tó fi sílẹ̀ sílé ló ní kí bùráúsà tèmi lọ mú fọ́tò wá. Kí ẹ kó fọ́tò sínú fódà tó ń jẹ́ foto, kí fódà náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ index.html, ìyẹn ojú-ìwé àkọ́kọ́ yín, kí ẹ kọ `src="foto/emi.jpg"`, ó tán.

Ìkejì jọ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan fi líǹkì wẹ́búsáìtì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lálẹ́ tó ṣáájú dífẹ́ǹsì: 127.0.0.1:5500/index.html. Mo tẹ̀ ẹ́, kò sí nǹkankan. Mo pè é, ó ní, "Sà, ó ń ṣí níbí o, àwọn ará ilé wa ti rí i." Òótọ́ ló sọ, orí láàpútọ̀ọ̀pù rẹ̀ ni wọ́n ti rí i. 127.0.0.1 ni àdírẹ́sì tí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan fi ń pe ara rẹ̀. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù mi, fóònù mi ni mo ń bi pé ṣé wẹ́búsáìtì ọmọ yìí wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti bọ́tìnnì. Ẹ ó rí fọ́ọ̀mù tó rẹwà: orúkọ yín, ímeèlì yín, ọ̀rọ̀ yín. Mo kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀, mo tẹ "Firánṣẹ́", àpótí kan fò jáde: "A dúpẹ́, a ti gba ọ̀rọ̀ yín!" Mo yíjú sí ọmọ náà, mo ní, "Ó dáa, níbo ni ọ̀rọ̀ mi wà báyìí?" Kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu. Kò síbi tí ọ̀rọ̀ náà lọ. HTML ń ya àpótí ni, JavaScript ń fò ìdúpẹ́ jáde. Bí kò bá sí ẹ̀rọ kan lẹ́yìn tó ń gba ohun tí ènìyàn kọ, inú afẹ́fẹ́ ló lọ. Bọ́tìnnì náà purọ́ fún mi lójú ara mi, ìyẹn sì burú ju kí fọ́ọ̀mù má sí níbẹ̀ rárá. Ká sọ pé ẹni tó fẹ́ gbé iṣẹ́ fún un ló kọ ọ̀rọ̀ yẹn ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti èyí tí wọ́n rà. Àwa náà mọ̀ pé àwọn ilé títẹ̀wé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì tí wọ́n ń ta prọ́jẹ́ẹ̀tì bí ẹní ta ìrẹsì. Wẹ́búsáìtì á máa yí, fọ́tò á máa rá wọlé, ó ga lójú. Bí mo bá wo ìsàlẹ̀ pátápátá, mo máa ń bá orúkọ ẹlòmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ©, wọn ò rántí yọ ọ́. Mi kì í jà. Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe kò ju kékeré lọ: "Yí àwọ̀ àkọlé yìí sí ewéko fún mi." Ọmọ kan wà tó jẹ́ pé ojú-ìwé rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ, kò sí ohun tó ń fò níbẹ̀, CSS rẹ̀ kò kún ojú kọ̀ǹpútà kan. Ó ṣí fáìlì, ó lọ tààrà síbi `h1`, ìyẹn àkọlé ńlá, ó yí i, ó pa á mọ́, ó tún ojú-ìwé ṣí. Kí n tó wẹ̀yìn, ó ti di ewéko. Ẹni tó tẹ̀lé e gbé èyí tó ń jó tó ń yí wá, kò mọ fáìlì tí àwọ̀ wà nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún fáìlì tí wọ́n tà fún un. Ẹ̀yin náà mọ ẹni tó gba máàkì.

Ọmọ Olúyọ̀lé

Sà, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ẹni tó bá wá fẹ́ kí fọ́ọ̀mù náà ṣiṣẹ́ ní tòótọ́ ńkọ́?

Tíṣà Kọ̀ǹpútà

Ọ̀nà wà. O lè fi PHP, èdè kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ẹ̀yìn, kọ ẹ̀yìn rẹ̀, kí o fi áàpù XAMPP gbé e dúró lórí kọ̀ǹpútà tìrẹ fún ìdánwò, ṣùgbọ́n GitHub Pages kì í bá ènìyàn ṣiṣẹ́ PHP o, fáìlì tó ti délẹ̀ nìkan ló ń gbé fún aráyé wò. O tún lè lo iṣẹ́ bíi Formspree, tó ń gba ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù, tó sì ń fi í ránṣẹ́ sí ímeèlì rẹ. Bí o kò bá fẹ́ wàhálà, fi líǹkì `mailto:`, tó ń ṣí áàpù ímeèlì ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, síbẹ̀. Kò ní ẹwà púpọ̀, kì í sì í purọ́.

Àgbà Káfè

Ẹ̀yin ọmọ òde òní ń jayé. Ẹ jẹ́ kí àgbà náà sọ tirẹ̀.

GSM kò tíì pẹ́ tó wọ Nàìjíríà, ọdún 2001 ló dé, nígbà tí wọ́n ní kí èmi kọ́ wẹ́búsáìtì fún prọ́jẹ́ẹ̀tì. Ta ló ní kọ̀ǹpútà nílé? Káfè ni. Òru ni owó rẹ̀ dínwó jù, nítorí náà a ó jẹun ìrọ̀lẹ́, a ó mú súwẹ́tà dání nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, ó di òwúrọ̀. Àwọn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tí wọ́n ń kọ lẹ́tà tí kò dáa sí àwọn òyìnbó, a ò dá sí tiwọn.

Notepad la fi ń kọ kóòdù. Kò sí pé ó ń yí àwọ̀ fún ọ, kò sí pé ó ń bá ọ parí ọ̀rọ̀. Ohun tó mú mi bí ẹni tí wọ́n sà sí ni pé mo pa fáìlì mọ́ gẹ́gẹ́ bí index.html, mo ṣí i, kóòdù lásán ni mo ń rí bí ìwé lẹ́tà. Ọmọ tó ń tọ́jú káfè ló wá fi hàn mí: Notepad ti fi .txt sí ẹ̀yìn rẹ̀, index.html.txt ló ń jẹ́, Windows sì fi ìrù yẹn pamọ́ fún mi. Kí ẹ yan "All Files" kí ẹ tó pa á mọ́. Mo rí i pé títí di òní ló ṣì ń ṣe àwọn ọmọ báyìí.

GeoCities, ibi tí ènìyàn ti ń gbé wẹ́búsáìtì sí nígbà náà, ni mo gbé tèmi sí. Yahoo ti rà á ní 1999, ọ̀fẹ́ ni, MB 15 ni wọ́n fún ọ. MB 15 yẹn jọ wá lójú bí ilẹ̀ ọba, nítorí dískẹ́ẹ̀tì tí a fi ń gbé iṣẹ́ rìn kò gbà ju MB 1.44 lọ, bí o bá sì fi í sínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò, ó ti kú nìyẹn. Àwa náà ṣe oge o! Mo fi `<marquee>` sí i, "Ẹ kú àbọ̀ sí wẹ́búsáìtì mi" ń rìn láti ọ̀tún sí òsì. Mo fi nọ́ńbà tó ń ka àlejò sí ìsàlẹ̀, èmi fúnra mi ni mo sì ń tẹ Refresh títí ó fi wọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún.

Ọjọ́ dífẹ́ǹsì wá kò. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì nínú gbọ̀ngàn náà. Wọ́n ní kí n tẹ wẹ́búsáìtì náà sórí bébà, kí n dì í ní ìwé aláwọ̀ búlúù, ẹ̀dà mẹ́ta. Lẹ́kítọ́rà kan fi ìka tọ́ ibi tí mo kọ "Ẹ tẹ ibí yìí" sí lórí bébà, ó ní, "Mo ti tẹ̀ ẹ́." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo yege ṣá.

Yahoo ti GeoCities pa ní 2009, ó kó tèmi lọ. Bébà aláwọ̀ búlúù yẹn ló kù lọ́wọ́ mi.

Ará Àjàṣẹ́

Ẹ kú ọ̀sán o. Àjàṣẹ́ ni mo wà, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ wa, kíbọ́ọ̀dù ti Faransé náà la sì ń lò, AZERTY. Ẹ̀yin ń tẹ `{` pẹ̀lú Shift wọ́ọ́rọ́. Àwa á di AltGr mú ká tó tẹ 4; láti pa á dé, AltGr àti =. CSS láìsí àmì méjèèjì yìí kò ṣeé kọ, ẹ wo bí ìka ọwọ́ wa ṣe ń ṣeré nígbà tí olùkọ́ bá ní "ẹ yára". Fídíò tí a fi ń kọ́ṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ wọn, ẹni tó ń kọ́ni á ní "ẹ tẹ ibí", bọ́tìnnì tó ń wí kò sí níbẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ọ̀rọ̀ Pọ́n-ùn pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí ó ṣe mí náà, àmọ́ owó ò wọ tèmi. Ní Benin, ɛ àti ɔ ni ìwé Yorùbá tiwa fi ń kọ ohun tí ẹ̀yin ń fi ẹ àti ọ kọ, sh la sì ń lò níbi tí ẹ fi ṣ sí. Nígbà tí ojú-ìwé mi bàjẹ́, ɔ kọ̀ọ̀kan di É”. Ìlà kan náà tí o kọ yẹn ló tún un ṣe.

Èdè méjì ni mo fi kọ́ tèmi, Faransé lápá kan, Yorùbá lápá kejì kí ìyá mi àgbà ní Kétu lè gbọ́. Olùkọ́ mi ní kí n kọ `lang="fr"` sí òkè, kí n sì fi `lang="yo"` sí ara apá tó jẹ́ Yorùbá. Mo rò pé àṣejù ni. Ó wá ṣàlàyé pé ẹ̀rọ tó ń ka ojú-ìwé sókè fún àwọn tí kò ríran, ibẹ̀ ló ti ń mọ èdè tó máa fi kà á. Bí kò bá sí i, á fi ohùn Faransé ka oríkì. Ẹ rò ó wò ná, oríkì Kétu lẹ́nu ará Paris!

Ìyá Bọ́ìsì, Peckham

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, bó bá ṣe bá yín. Èmi kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ o, ọmọ mi ni. BTEC, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní UK níbí, ló ń ṣe, wọ́n ní kí ó kọ́ wẹ́búsáìtì. Ó ṣe é, ó dára, inú mi dùn, mo ń fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ káàkiri gbogbo gúrúùpù ẹbí.

Ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde ló kọ́kọ́ pè. Wọ́n ní, "Mo ti rí i o, ṣùgbọ́n ṣé èèrà lọmọ yìí tò síbẹ̀ ni?" Orí kọ̀ǹpútà ńlá ni ọmọ yìí ti kọ́ ọ, kò sì tíì fi fóònù wò ó. Ó ní kò sí ìlà kan tí wọ́n ń pè ní viewport níbẹ̀: bí kò bá sí i, fóònù á ṣe bí ẹni pé òun fẹ̀ tó píksẹ́lì 980, á wá fún gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ojú fóònù. Ìlà rẹ̀ rèé, ó ní kí n fi síbí fún yín:

`<meta name="viewport" content="width=device-width, initial-scale=1">`

Màámà tún un ṣí, wọ́n ka oríkì ara wọn tí ọmọ náà kọ síbẹ̀, wọ́n sì tún apá kan ṣe fún un lórí fóònù lójú ẹsẹ̀ pé wọn kì í pe àwọn báyẹn.

Ọ̀rọ̀ tí mo torí rẹ̀ wá gan-an rèé. Bí mo ṣe ń wo ojú-ìwé tí ènìyàn lè gbà kàn sí i, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà níbẹ̀, orúkọ ilé ìwé rẹ̀ wà níbẹ̀, ọjọ́ tó máa ń lọ gbá bọ́ọ̀lù àti pápá tó ti ń gbá a wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún 17! Mo ní kó yọ ọ́ kíá. Ó yọ ọ́, a sinmi. Ọjọ́ kejì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà dé, ó ní, "Mọ́mì, ó ṣì wà níbẹ̀." Lórí GitHub tí ọmọ yìí gbé wẹ́búsáìtì náà sí, ó tẹ ibi kan tó ń fi gbogbo àyípadà tí ọmọ yìí ti ṣe hàn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Èyí tó yọ wà níbẹ̀ ní àwọ̀ pupa, nọ́ńbà pé pérépéré. Ẹnikẹ́ni ló lè rí i. Wọ́n ní láti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ímeèlì tí ẹ ṣí fún iṣẹ́ nìkan ni kí ẹ kọ síbẹ̀. Àti ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó máa fi yangàn lórí gúrúùpù, ẹ kọ́kọ́ kà á. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó wà ní gúrúùpù ẹbí ló jẹ́ ẹbí.

Ọmọ Olúyọ̀lé

Mọ́mì, ẹ ṣeun gan-an ni mà. Mo ti lọ wo tèmi.

Ìbéèrè kan: mo fi fọ́ńtì ológe kan kọ àkọlé mi. Gbogbo lẹ́tà ló tẹ̀ wọ́ọ́ bí ìkọ̀wé ọwọ́, àfi ẹ àti ọ, tí wọ́n dúró gbọnrangandan bíi ti ìwé ìròyìn. Àmì orí ọ́ tún lọ dúró sórí lẹ́tà tó tẹ̀lé e. Kí ni kí n ṣe?

Aláàdìrẹ Òṣogbo

Fọ́ńtì yẹn ò ní ẹ àti ọ nínú ni. Bùráúsà lọ yá wọn láti inú fọ́ńtì mìíràn, ìdí nìyẹn tí ìrísí wọn fi yàtọ̀. Ti àmì orí, ọ́ kì í ṣe lẹ́tà kan ṣoṣo lójú kọ̀ǹpútà bíi ti é: ọ ni, tí a wá gbé àmì lé lórí, kì í sì í ṣe gbogbo fọ́ńtì ló mọ ibi tó yẹ kó gbé e lé. Lo Noto Sans, ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Google Fonts. Kí o tó yan fọ́ńtì èyíkéyìí, tẹ "ẹ́ ẹ̀ ọ́ ọ̀ ṣ Ẹ Ọ Ṣ" sínú àpótí ìdánwò tí wọ́n fi síbẹ̀, wàá rí èyí tó bá mọ̀ wá lójú ẹsẹ̀.

Ọmọ Olúyọ̀lé

Ẹ̀yin ará, a ti ṣe dífẹ́ǹsì o!

Wọ́n mú iná lọ kí ó tó kàn mí, bátìrì láàpútọ̀ọ̀pù mi sì ti kú tipẹ́. Ẹni tó ṣáájú mi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun wá jẹnẹrétọ̀. Mo kọ líǹkì github.io mi, àdírẹ́sì tí GitHub Pages fún wẹ́búsáìtì mi, sórí pátákó, alàgbà tó wá láti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn fi fóònù ara wọn tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kí n dúró síbẹ̀ kí n má sọ nǹkankan. Wọ́n ń fi àtàǹpàkò wọn sún un sókè sódò, wọ́n tẹ ojú-ìwé kan, wọ́n padà, wọ́n tẹ òmíràn. Wọ́n wá ka orúkọ mi sókè bó ṣe yẹ kí a pè é. Wọ́n ní, "Ta ló kọ́ ọ ní àmì ohùn?" Mo ní, "Fáìlì tó ba orúkọ mi jẹ́ ni, sà." Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Wọ́n wá bi mí ní ohun tó mú mi láyà: bí ènìyàn bá ṣi líǹkì tẹ̀ lórí wẹ́búsáìtì mi, kí ló máa rí? Mo dúpẹ́ pé mo ti fi 404.html sí i ní alẹ́ àná, GitHub Pages máa ń gbé e jáde bí ojú-ìwé tí ènìyàn ń wá ò bá sí. Máàkì ò tíì jáde.

Ọmọ IT Akúrẹ́

O kú oríire, Pọ́n-ùn! Ẹ̀yin àgbà, èmi ń lọ ṣe SIWES, ìkọ́ṣẹ́ tí ilé ìwé ń rán wa lọ, mo fẹ́ gbé ti ilé ìwé yìí sí inú lẹ́tà tí mo fi ń wá ibi iṣẹ́. Ṣé kí n ra dómènì, ìyẹn orúkọ wẹ́búsáìtì tèmi, ni?

Tíṣà Kọ̀ǹpútà

Bí owó bá wà. .name.ng wà fún orúkọ ènìyàn, .com.ng wà fún òwò, .ng nìkan sì wà. NiRA ló ń ṣàkóso gbogbo èyí tó parí sí .ng, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn alágbàtà tí NiRA fọwọ́ sí lo ti máa rà á. Rántí pé ọdọọdún ni sísan rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó tẹ dómènì sára káàdì ìṣòwò rẹ̀, tí kò san ti ọdún kejì, tí ẹlòmíràn sì gbà á. Fún SIWES, github.io ò bu ẹnikẹ́ni kù. Kí o kàn fi orúkọ tó ṣeé gbọ́ sétí ṣí àkáǹtì náà, má ṣe lo "sweetboy" o, orúkọ àkáǹtì ló ń di líǹkì.

Aláàdìrẹ Òṣogbo

😂😂 Sà, ẹ mọ̀ wọ́n.

Ìyá mi ti ní kí n ra .com.ng ní tèmi, wọ́n ní àwọn oníbàárà láti Èkó ti ń bèèrè ibi tí wọ́n ti lè rí Olókun yẹn. Èmi ni màá san ti ọdún àkọ́kọ́, àwọn á máa san ìyókù. Wọ́n sì ti ní kí n lọ tún àwọn fọ́tò kan yà, pé àdìrẹ àwọn dúdú ju bí mo ṣe yà á lọ.